Ìdí Tí Ajá Kì Í Fi Í Dọ̀bálẹ̀ Tán

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń sọ èdè kan náà, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ ilé tó ajá. Bí ajá kékeré bá pàdé ajá àgbà lójú ọ̀nà, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà á kanlẹ̀, ikùn á kanlẹ̀, ìrù á sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ajá àgbà á wò ó láti òkè, á ní, "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà." Ẹni tó wà nílẹ̀ á dìde, á gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó parí síbẹ̀. Ajá kì í bá ajá ṣeré nígbà náà. Wọn kì í lé ara wọn kiri, wọn kì í bá ara wọn yí nínú koríko. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló pá irun ikùn ajá, ṣùgbọ́n èmi ò sí níbẹ̀, n ò lè búra.

Ní àkókò yìí, obìnrin amọ̀kòkò kan wà ní ìlú Òkè-Amọ̀, Ìyá Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Àwẹ̀ró ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ẹlẹ́nu wẹ́jẹ́wẹ́jẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti gbéyàwó, oko ló sì máa ń wà. Ayọ̀ká ni orúkọ ìyàwó náà, òun ló ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ wa amọ̀, tó ń bá a ru ú wálé.

Yàtọ̀ sí ẹni tó wà lóko, ẹni kẹrin nínú ilé yìí ni Dúdúyẹmí. Ajá ni, kò sì tíì pé oṣù márùn-ún láyé. Dúdú ni láti imú dé ìrù, àfi etí rẹ̀ òsì tó funfun. Ó ní àwo tirẹ̀, èyí tí Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Àwo náà wọ́ débi pé bí wọ́n bá bu omi ẹ̀kọ sí i, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo rẹ̀ máa ń ṣàn sí. Dúdúyẹmí kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ó tún ní ibùsùn tirẹ̀ lẹ́yìn àmù, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù lọ́sàn-án. Ní tirẹ̀, kò sí ọba tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó máa ṣọ́ ìkòkò tútù tí wọ́n sá sábẹ́ atíbàbà, kí ewúrẹ́ àdúgbò má baà tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n labalábá wà láyé. Bí ọ̀kan bá ti fò kọjá báyìí, Dúdúyẹmí ti tẹ̀ lé e nìyẹn. Ìgbà tó bá fi máa padà dé, ewúrẹ́ á ti fi ẹsẹ̀ gún ẹnu ìkòkò mẹ́ta.

Ìyá Àwẹ̀ró á dúró, á fi ọwọ́ alámọ̀ kan ìbàdí. "Dúdúyẹmí, ṣé ìwọ ni mo ní kó máa ṣọ́ ewúrẹ́ ni, àbí ewúrẹ́ ni mo ní kó máa ṣọ́ ọ?"

Dúdúyẹmí á ju ìrù, á gbé etí funfun yẹn sókè, ìbínú á sì tán lójú màmá. Ta ló lè bínú sí irú etí bẹ́ẹ̀?

Àsìkò kan wá dé tí àwọn aláró ìlú kejì ní kí Ìyá Àwẹ̀ró bá àwọn mọ ìkòkò aró ńlá méje. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ìkòkò aró, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mọ ọ́n, yóò sì gbẹ fún ọjọ́ gbọọrọ kí iná tó lè kàn án. Ìyá Àwẹ̀ró wo Dúdúyẹmí. Ó wo labalábá tó wà lórí etí rẹ̀. Ó dì gèlè rẹ̀ le, ó kọrí sí abúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ń ṣọdẹ, ó ní kó bá òun wá ajá tó mọṣẹ́.

Ọdẹ́rìndé ni ajá tó mú bọ̀. Ajá pupa ni, ó ti lo ọdún mẹ́fà láyé, etí rẹ̀ kan ti ya nínú ìjà ìmàdò. Ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ìrìn rẹ̀ kò yára, ojú rẹ̀ kì í sì í tẹ̀ lé labalábá.

Níbí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun kan fún yín nípa Dúdúyẹmí. Ojoojúmọ́ ayé ni ó máa ń rí Ayọ̀ká bó ṣe ń kí Àwẹ̀ró láàárọ̀. Ayọ̀ká ti tó ẹni ogún ọdún, Àwẹ̀ró sì jẹ́ ọmọ ọdún méje, síbẹ̀ Ayọ̀ká ló máa ń kúnlẹ̀. Kì í tilẹ̀ í pe orúkọ rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Dúdúyẹmí ti bi í léèrè rí pé kí ló dé.

Ayọ̀ká rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti bí wọn sínú ilé yìí kí n tó wọ̀ ọ́. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n mi nílé ọkọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ."

Dúdúyẹmí gbé ọ̀rọ̀ yìí mì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbé eegun mì, láìjẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Ó yé e yéké. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé ajá mìíràn ń bọ̀, inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ bàjẹ́. Àní ó dùn. Ó lá ara rẹ̀ mọ́, ó jókòó sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó na ọrùn sókè, ó ń retí ẹni tí yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún òun.

Ó ti rẹ Ìyá Àwẹ̀ró nígbà tó dé, amọ̀ rẹ̀ sì ti ń gbẹ níbi tó fi í sí. Ó ṣe ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara bá ń kánni: ó da ẹ̀kọ sínú àwo tó kọ́kọ́ bà á lọ́wọ́, ó gbé e síwájú àlejò, ó ní, "Ẹ kí ara yín o," ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Àwo tó kọ́kọ́ bà á lọ́wọ́ náà ni àwo wíwọ́ yẹn.

Dúdúyẹmí rí àwo rẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Nǹkan kan gún un láyà. Ṣùgbọ́n àgbà ni, ó mú un mọ́ra.

"A kú ewu ọ̀nà," ó wí. "Wọ́n ti gbá ilẹ̀ ibí yìí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀ síbi tó bá wù ú."

Ọdẹ́rìndé wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀. "Ta ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀?"

"Àlejò ni."

"Fún ta?"

"Fún onílé."

"Onílé ọ̀hún dà?"

"Òun ló ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ọdẹ́rìndé wo ọmọ náà láti imú dé ìrù, kò sì pẹ́ tó fi wò ó tán, nítorí kò gùn. "Ìwọ? Ìwọ tí eyín rẹ kò tíì pààrọ̀? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lé ìgalà, ìyá tó bí ọ kò tíì lajú."

"Ìyẹn lóko. Nínú ilé yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Lọ bi Ayọ̀ká."

"Ní abúlé ọdẹ, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ni ẹ̀gbọ́n. Lọ bi ẹni tó bá wù ọ́."

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn. Ọ̀kan na ọrùn nínú ilé, èkejì na ọrùn níta, oòrùn ń lọ. Àwọn adìẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n bá bá wọn jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ọrùn di ríro fún àwọn méjèèjì, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Ìyá Àwẹ̀ró. Ó gbọ́ ti èkíní, ó gbọ́ ti èkejì, ó fi ọwọ́ alámọ̀ họ orí.

"Dúdúyẹmí ò purọ́," ó wí. "Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn. Ọdẹ́rìndé náà ò purọ́, bó ṣe rí níta nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mọ ìkòkò mi."

Ẹ wá wo eré lójoojúmọ́! Bí méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tí yóò yà fún ẹnìkejì, Ayọ̀ká á wá gba orí wọn kọjá pẹ̀lú agbọ̀n amọ̀ lórí. Bí ọ̀kan bá mu omi nídìí àmù, èkejì á lọ mu tirẹ̀ nínú kòtò, nítorí kò ní í mu àmukù àbúrò. Ọdẹ́rìndé kò pe Dúdúyẹmí lórúkọ, Dúdúyẹmí kò pe Ọdẹ́rìndé lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, wọn á kọjú sí ògiri. "Kí wọ́n sọ fún ẹni tó wà lórí ẹní pé ìrù rẹ̀ ń dí èèyàn lọ́nà." Ògiri kò dáhùn.

Ewúrẹ́ onírùngbọ̀n kan wà ládùúgbò. Orí rẹ̀ pé. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó gba àárín àwọn ajá méjèèjì kọjá bí ẹni ń lọ kí àna.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà méjèèjì," ó wí.

Inú àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dùn sí ìkíni náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ibi tó ń lọ.

"Ewúrẹ́ ti wọ atíbàbà," Dúdúyẹmí wí fún ògiri. "Kí àbúrò dìde lọ lé e."

"Òótọ́ ni," Ọdẹ́rìndé dáhùn. "Àbúrò ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Kí ló wá ń dúró dè?"

"Àbúrò ta?"

"Mo ní àbúrò ta?"

Gbàgà! Ìkòkò aró kan ṣubú. Kò tíì sinmi kí òmíràn tó bá a lọ. Ìgbà tí Ayọ̀ká fi sáré dé, ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti fo ọgbà, ohun tó sì kù nínú ìkòkò méjì kò ṣeé bu omi fún adìẹ.

Ìyá Àwẹ̀ró kò pariwo. Bó bá ti pariwo ni, ì bá sàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn èérún náà sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, Dúdúyẹmí sì rí omi lójú rẹ̀. Ó gbé etí funfun rẹ̀ sókè. Màmá kò wo etí náà.

"Lọ́la ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀," ó wí nígbà tó yá. "Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wà níbí, ó dà bíi pé mi ò ní ajá. Ọ̀kan á bá a padà sí abúlé. Mi ò sì lè lé ẹni tó mọṣẹ́. Dúdúyẹmí, ọmọ mi, ìwọ ni."

Ẹ̀rù ba Dúdúyẹmí bí kò ṣe bà á rí. Ó wọ ẹ̀yìn àmù lọ, ó ká jọ. Ilẹ̀ náà tutù bó ṣe máa ń tutù, òórùn amọ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, Àwẹ̀ró ń kọrin fún ọmọláńgidi rẹ̀. Lọ́la, kò ní í gbọ́ ọ mọ́. Ó fẹ́ kórìíra Ọdẹ́rìndé, ó sì gbìyànjú rẹ̀ dáadáa.

Ibi tó ti ń gbìyànjú ló ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn ògiri. Ọdẹ́rìndé ni, ó ń bá Ayọ̀ká sọ̀rọ̀ níbi tó ti ń po amọ̀.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mú ọmọ yẹn lọ sí abúlé," ó wí. "Ajá mẹ́sàn-án ni wá lábúlé. Ẹni tó bá lágbára ló ń jẹun. Èmi kò ní àwo rí láyé mi. Ọjọ́ tí mo dé, tí wọ́n gbé àwo wíwọ́ yẹn síwájú mi, mo rò pé wọ́n mọ ọ́n sílẹ̀ dè mí ni. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" Ayọ̀ká bi í.

"Àgbà ni mí."

Ayọ̀ká pòṣé. "Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí ti pọ̀ jù."

Lẹ́yìn àmù, Dúdúyẹmí kò mọ ohun tí ìkórìíra rẹ̀ fẹ́ ṣe mọ́. Ó ti bọ́ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ayọ̀ká gbé agbọ̀n, ó fẹ́ lọ wa amọ̀ tí wọn yóò fi dí àlàfo ìkòkò méjì yẹn. Ó kúnlẹ̀ fún Àwẹ̀ró bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi."

Níbi tí ó bá dé yìí ni labalábá máa ń fò kọjá, tí Dúdúyẹmí á sì sá tẹ̀ lé e. Ọ̀kan fò kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ lé nílé kì í rí ti labalábá rò. Dúdúyẹmí jókòó síbẹ̀, ó fajú ro, ó sì wá rí ohun tí kò dúró wò rí.

Àwẹ̀ró náà kúnlẹ̀. Orókún rẹ̀ kanlẹ̀ kó! "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Dúdúyẹmí fò dìde. "Ẹ dúró ná! Ìgbà wo ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀?"

"Èwo?" Àwẹ̀ró bi í.

"Kíkúnlẹ̀ tí ẹ kúnlẹ̀ yìí!"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kúnlẹ̀. Wọ́n jù mí lọ, ṣé kí n máa kí wọn lórí ìdúró ni?"

"Ta wá ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ìyàwó ilé wo ọmọ ilé, ọmọ ilé wo ìyàwó ilé, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ní ti ọjọ́ orí, èmi ni," Ayọ̀ká wí. "Ní ti inú ilé, àwọn ni. Ọdún méjì nìyí tá a ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ara wa, kò sẹ́ni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wa amọ̀. Ẹ̀yin ajá méjèèjì, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ayọ̀ká gbọ́n. Ó fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó fi ọ̀kan sósì, òun fúnra rẹ̀ rìn láàárín, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣáájú. Àwẹ̀ró ń fò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé kòtò amọ̀ létí odò. Òjò ti rọ̀ síbẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ń yọ̀, ó ń dán. Kò sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, kò sí àmù, kò sí àwo. Àwọn ajá méjèèjì jọ tẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ló kọ́kọ́ dé.

Dúdúyẹmí wo Ọdẹ́rìndé. Ó rántí abúlé, ajá mẹ́sàn-án, àti ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn ògiri. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ó tó, n ó dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sọ àyà kalẹ̀.

Ibi tó ti ń sọ àyà kalẹ̀ lọ́wọ́ ló ti gbójú sókè. Ọdẹ́rìndé náà ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àyà rẹ̀ ti kanlẹ̀, etí rẹ̀ yíya ń wọ́ nínú amọ̀.

Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀. Iwájú ti dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn ṣì wà lókè. Dúdúyẹmí rò ó pé, bí mo bá sọ ìdí kalẹ̀, tó bá wá ní kí n dìde ńkọ́? Á jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ọdẹ́rìndé náà ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀kan kò sọ̀ kalẹ̀, ìdí èkejì kò sọ̀ kalẹ̀. Itan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọn. Ìrù tó máa ń sùn jẹ́ẹ́ nígbà ìdọ̀bálẹ̀ kò rí ilẹ̀ sùn sí, ló bá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lókè.

"Ṣé ó ti ń rẹ̀ yín?" Dúdúyẹmí bi í, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú amọ̀.

"Rárá," Ọdẹ́rìndé dáhùn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ara mi le kọ́kọ́."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọwọ́ Ọdẹ́rìndé yọ̀. Ó fi imú rọ́ amọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, ó kọlu Dúdúyẹmí, àwọn méjèèjì sì yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀ kòtò. Ọdẹ́rìndé gbé orí sókè. Amọ̀ dí i nímú, amọ̀ bò ó lójú, koríko kan dúró ṣánṣán lórí etí rẹ̀.

Dúdúyẹmí fẹ́ mú un mọ́ra. Kò ṣeé mú mọ́ra. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó jẹ́ gbígbó àti híhan pọ̀. Ọdẹ́rìndé dijú. Ọdún mẹ́fà tó ti lò láyé, kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín rí. Ó tún ojú là, ó rí ọmọ tí òun náà ti di amọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ni òun náà bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó fò dìde, ó tún na ọwọ́ síwájú, ìdí lókè. Dúdúyẹmí náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan fò yọ sí èkejì, èkejì sá, ọ̀kan lé e, wọ́n yí kòtò po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gba abẹ́ ẹsẹ̀ Ayọ̀ká kọjá, agbọ̀n amọ̀ bọ́ lórí rẹ̀. Ayọ̀ká jókòó sínú amọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé tí ajá méjì jọ ṣeré. Inú Dúdúyẹmí dùn débi pé ó gbàgbé pé wọ́n fẹ́ gbé òun lọ.

Eré ni wọ́n sá délé. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àwẹ̀ró ti dé, ó ń mu omi lábẹ́ igi. Ewúrẹ́ onírùngbọ̀n náà ti dé, ó ti kó ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ atíbàbà.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin..." ó bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jókòó. Ọdẹ́rìndé gba iwájú yọ sí i, Dúdúyẹmí gba ẹ̀yìn, ó ń gbó lẹ́bàá gìgísẹ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ kò mọ èyí tí yóò sá fún. Ó ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" ó fo ọgbà láìgbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa, irùngbọ̀n rẹ̀ sì kọ́ ọgbà. Ìkòkò márùn-ún tó kù kò tilẹ̀ mira.

Ìyá Àwẹ̀ró jáde. Ohun tó rí ni ajá méjì aláwọ̀ amọ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n gbára lé ara wọn. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, yàtọ̀ sí ìyẹn kò sí ìyàtọ̀.

"Ṣé ẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ yín?" ó bi wọ́n. "Ta ló dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

Àwọn ajá wo ara wọn.

"A ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," Dúdúyẹmí wí.

"A ò tíì parí ẹ̀ ni," Ọdẹ́rìndé wí.

Ìyá Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ba, ó fi ìka nu amọ̀ lára etí kékeré kan títí ó fi funfun. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi jẹun, kí ẹ̀yin nìkan wá máa lọ sílé. Ajá mi pé."

Lọ́jọ́ náà ni Àwẹ̀ró mọ àwo kejì. Ó wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdẹ́rìndé gbọ́ òórùn rẹ̀ yípo yípo, ó jẹun nínú rẹ̀ tán, ó sì gbé orí lé e sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ajá kì í ti í dọ̀bálẹ̀ tán mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn láti Òkè-Amọ̀ dé gbogbo ilé tí ajá wà. Bí ẹ bá rí ajá méjì tó na ọwọ́ síwájú, tó sọ àyà kalẹ̀, tó gbé ìdí sókè, tí ìrù sì ń jù fìrìfìrì, ẹ má bi wọ́n pé ta ni ẹ̀gbọ́n. Eré ni wọ́n fẹ́ ṣe. Olúkúlùkù wọn ń dúró kí ẹnìkejì ní kí òun dìde, títí di òní kò sì tíì sẹ́ni tó sọ ọ́.